Mo Kà Á, Mi Ò Dán An Wò

Màmá Ofelia, ẹ kú ètò orí rédíò o. Ẹ má dárúkọ mi ní Guadalajara yìí.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ kóòdù tí kọ̀ǹpútà á fi lo ṣíìpù tuntun wò, kí ṣíìpù ọ̀hún tó jáde. Tí mo bá parí, màá kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ mi pé, "Mo kà á." Ọ̀gá mi ní kí n kọ, "Mo dán an wò."

Mo ní, "Orí kí ni mo ti dán an wò, ọ̀gá?"

"Ta ló ti rí ṣíìpù náà tó máa pè ẹ́ lónírọ́?"

"Èmi gan-an ò tíì rí i!"

Ó ní tí n ò bá kọ ọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Màmá, mi ò kọ! Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ dá sí i. Àmọ́ ẹni tó bá máa dá mi lẹ́bi, kó kọ́kọ́ gbé ṣíìpù náà wá.