Ọ̀fìnkìn Ìbùkúnọlá àti Ológbò Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ilé Lágúnjú,
Òkèrèwè, Ilé-Ifẹ̀.
Oṣù Kẹsàn-án, 1993.

Ìbùkúnọlá, Àyọ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé Èkó ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí òjò oṣù yìí wó ògiri ẹ̀yìnkùlé wa kò ní jẹ́ kí ohunkóhun wó lé ọ lórí. Èmi náà wà láàyè, ọpẹ́ ni, àfi orúnkún tó ń dùn mí bí mo bá fẹ́ dìde. Ilé wà bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, bí o bá gbọ́ tí ẹnì kan húkọ́ níbẹ̀, èmi ni.

Awóníyì dírẹ́bà jíṣẹ́ rẹ. Ó gbé ọmọ ológbò náà dé nínú páálí, ó sì fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì tí o sọ̀rọ̀ sí. Bí mo ṣe ṣí páálí báyìí ni ó fò jáde, ó di abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ọ̀rọ̀ wá di adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo ṣe gbogbo ohun tí o wí. O ní kí n fún un ní yàrá kan tí yóò fi mọlé, mo ti fún un ní yàrá mi, orí àga pálọ̀ ni mo ń sùn. O ní kí n má tẹjú mọ́ ọn, nítorí náà ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ sí i kí n tó kí i káàárọ̀. Kò dá mi lóhùn rí, ṣùgbọ́n mi ò bínú, àlejò ni.

O tún ní kí ó máa gbọ́ ohùn èèyàn kí ẹ̀rù lè kúrò lára rẹ̀. Ohùn ta ni? Ẹni tó ń dá gbé kì í sọ̀rọ̀ sókè, kí wọ́n má baà ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ni mo bá ń fi kásẹ́ẹ̀tì rẹ sínú rédíò fún un láàárọ̀ àti lálẹ́. Lọ́jọ́ kan, ológbò yọ orí, ó yọ ẹsẹ̀, ó wá jókòó síwájú rédíò, ó ń wo ibi tí ohùn rẹ ti ń jáde. Èmi náà jókòó tì í. Inú mi dùn, àárò rẹ sì sọ mí gan-an lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi, kí ló ṣe ọ́? Láti bí ọjọ́ mélòó kan ni ohùn rẹ ti ń wúwo, ọ̀rọ̀ ń fà lẹ́nu rẹ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Ológbò gbọ́ ọ, ó sá padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Sùmáyà, aládùúgbò wa, ní bátìrì rédíò ló ń kú lọ, kí n lọ sá a sóòrùn. Mo ní bátìrì tọ́ọ̀ṣì mi ti kú rí, iná rẹ̀ ló rẹ̀wẹ̀sì, kò ṣe ọ̀fìnkìn. Kí ó má baà sọ pé agídí mi pọ̀, mo sá a. Nígbà tó di ọ̀sán, ohùn rẹ já geere, mo sì dúpẹ́ pé ara rẹ ti yá. Kó tó di alẹ́, ó tún ti wúwo, mo sì mọ̀ pé omi tútù inú fìríìjì yẹn lo tún lọ mu. Mo ti sọ ọ́ títí. Nígbà tó yá, ohùn rẹ kò jáde mọ́, ilé wá dákẹ́ fún èmi àti ológbò.

Mo fi orógbó àti oyin rán Awóníyì sí ọ. Máa jẹ orógbó láàárọ̀, kí o sì po oyin mọ́ omi gbígbóná. Bí ó bá rọrùn fún ọ, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ẹja ológbò. Èmi ò bèèrè fún ara mi, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹja ju bí o ṣe rò lọ, orí nìkan ló ń ṣẹ́kù fún mi.

Ọlọ́run yóò wo ọ̀fun rẹ sàn. Ìwọ kò ní dàgbà tán kí o máa dá gbé ilé. Bí ara rẹ bá ti yá, bá mi sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. Nínú eléyìí, o bèèrè bóyá àlàáfíà ni mo wà, kí n tó lanu, o ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ológbò. Lọ́tẹ̀ yìí, bí o bá ti bèèrè, jọ̀wọ́ dákẹ́ díẹ̀. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí léèrè, ìdáhùn náà kò ní kúrú.

Èmi ni bàbá rẹ,
Lágúnjú.