Ojú Tuntun Lára Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Bàbá mi, ẹni tó fi abẹ́rẹ́ tọ́ mi,

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi ló ń bá mi kọ eléyìí. Mo ti kìlọ̀ fún un kó má fi ọ̀rọ̀ dídùn kún un.

Ṣọ́ọ̀bù mi ṣì wà ní Agége. Ẹ̀rọ ló ń ṣe ọnà sára aṣọ báyìí, irú èyí tí ẹ̀yin fọwọ́ ṣe títí ojú yín fi ń ríran bàìbàì. Inú kọ̀ǹpútà ni àwọn ọnà náà wà. Màá mú èyí tí mo fẹ́ sínú fúláàṣì, màá fi fúláàṣì sínú ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ á máa sáré. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà ti darúgbó, àwọn tó ṣe ètò tó ń darí rẹ̀ kò sì bójú tó o mọ́. Délé, àkọ́bí mi, ní kí n ra tuntun, tàbí kí n kúkú ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí n wá jókòó sílé òun ní Àgídìngbì. Kí n jókòó ṣe kí ni?

Mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe n'Ìkẹjà. Ó ní ètò mìíràn wà tí kò wúwo fún arúgbó kọ̀ǹpútà. Ó fi méjì hàn mí. Àkọ́kọ́ rẹwà, àmọ́ mi ò mọ ibi tí wọ́n ń gbà wọlé. Ẹ mọ̀ pé mi ò kàwé. Ibi tí nǹkan wà ni mo fi ń dá a mọ̀. Èkejì jọ ti tẹ́lẹ̀, bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ wọlé wà nísàlẹ̀ lápá òsì. Òun ni mo mú.

Ojú nìkan ló jọra. Àwọn ọnà mi kì í fi àwòrán ara wọn hàn. Gbogbo wọn rí bí ìwé funfun kékeré. Ipò tí mo to kálukú sí ni mo fi mọ̀ wọ́n. Ètò tuntun yìí tún wọn tò bó ṣe wù ú, mi ò sì mọ̀. Ibi tí àgbélébùú máa ń wà ni mo tẹ̀, fún sùtánà funfun ìyàwó wòlíì kan. Mo yíjú sí òwú tí mo ń wé. Kí n tó wo aṣọ, òṣùpá àti ìràwọ̀ tí mo máa ń ṣe sí fìlà àwọn Àlùhájì ti jókòó sí àyà rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí n máa kírun ní ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Ìyàwó wòlíì náà rẹ́rìn-ín o, àmọ́ ó kó aṣọ rẹ̀ yòókù lọ. Mo tú òwú náà, ihò abẹ́rẹ́ kò kúrò lára aṣọ funfun. Délé ti gbọ́. Ó ń bọ̀ ní Sátidé wá gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá, nígbà tí ẹ darúgbó, ẹ máa ń fi abẹ́rẹ́ gún fìlà orí yín, ẹ ó sì máa wá a káàkiri ilé. Àwa ọmọ ò torí ìyẹn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ wo lẹ mọ̀ pé ó tó? Àbí ẹ ò mọ̀?

Àbẹ̀kẹ́ ní òun á máa ka orúkọ àwọn ọnà náà fún mi. Lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán ló wà níbẹ̀, kò sọ ohun tí wọ́n jẹ́. Ọkùnrin Ìkẹjà ti kọ́ mi bí mo ṣe lè fọwọ́ ara mi tò wọ́n. Nítorí náà, mò ń rán wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sára àkísà. Bí mo bá ti rí ohun tó jáde, màá gbé e sí ipò rẹ̀. Wọ́n pọ̀, Sátidé ò sì jìnnà.

Ọ̀kan wà lórí ẹ̀rọ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Mi ò tí ì mọ ohun tó máa jẹ́. Mo dúró tì í, mò ń wo abẹ́rẹ́.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín tí kò sọ ọ́ sí yín létí rí.