Ẹ Jẹ́ N Lọ Ulé

Bàbá mi, sójà tó ń hanrun,

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ní Oǹdó. Ó ti tẹ́ erùpẹ̀ orí sàréè yín pẹrẹsẹ, koríko sì ti ń yọ níbẹ̀. Mo fa díẹ̀ tu, mo fi ìyókù sílẹ̀. Inú ló ń bí mi. Èyí ni Àjíǹde àkọ́kọ́ tí ẹ ò sí, ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ín.

Ṣé ẹ rántí bí Gálílì ṣe máa ń rí l'Ákùúrẹ́? Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Àjíǹde, gbogbo ìjọ á tú jáde sí pápá iléèwé, akọrin níhìn-ín, oníjó lọ́hùn-ún, àwọn ọmọdé tó ń fi àpò sáré ìje, gúgúrú lọ́tùn-ún lósì. Ṣùgbọ́n eré ibojì Jésù ni wọ́n ń dúró dè. Àwọn sójà yòókù tó ń ṣọ́ ibojì á kàn sùn gbọọrọ bí igi. Ẹ̀yin á hanrun. Á bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, á wá dákẹ́ lójijì, ìyá àgbà kan á ní, "Ó ti kú ni?" ìgbà náà lẹ máa tó tún gbéra.

Màmá ló sọ fún mi bí ọ̀rọ̀ "ulé" yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti oko Oda dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti rẹ̀ yín, ẹ bá sùn lọ lóòótọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì. Nígbà tí áńgẹ́lì fẹsẹ̀ ta yín jí, ohun tó yẹ kí ẹ sọ ni, "Ta ló yí òkúta yìí?" Ẹ kàn nu itọ́ ẹnu, ẹ ní, "Ẹ jẹ́ n lọ ulé." Sójà Róòmù tó ń sọ èdè Àkúrẹ́! Ẹ̀rín pa wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Inú olùdarí eré ló bàjẹ́. Ó ní Yorùbá Bíbélì ni wọ́n ń sọ nínú eré òun, "ilé" ni, kì í ṣe "ulé". Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún kejì, kí ẹ tó lajú, èrò ti ń pariwo, "Ulé dà? Ulé dà?" Bó ṣe di tiyín nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n wá gbé yín wá sí ọsibítù ní Oǹdó, kí ẹ lè wà nítòsí ẹ̀gbọ́n Màmá, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ eré yín wá kí yín. Ẹ gbórí sókè díẹ̀. Ẹ ní, "Ẹ jẹ́ n lọ ulé." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín! Bọ̀dá tó máa ń ṣe áńgẹ́lì dikùn mú. Ó ní, "Ẹ ẹ̀ rí bàbá yìí, àìsàn ò lè gba eré lára ẹ̀!" Wọ́n rẹ́rìn-ín dé ẹnu ọ̀nà. Èmi ń wo ojú yín. Bàbá, ṣé eré lẹ̀ ń ṣe? Mo ti bi yín títí, ó ti sú mi.

Ẹ ò sì lọ ulé. Epo wọ́n bí ojú nígbà náà, a ò rí awakọ̀ tó máa gbé òkú dé Àkúrẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n Màmá lẹ wà. Àwa náà ò padà. Iléèwé ti tán fún mi, mò ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, nítorí náà ẹ má wo àmì ohùn tí mo fi síbi tí kò yẹ nínú lẹ́tà yìí.

Olùdarí wá ránṣẹ́ pé kí n wá ṣe sójà yín lọ́dún yìí, fún ìrántí. Màmá ní, "Lọ, inú bàbá rẹ á dùn." Ta ló sọ fún un?

Mo wọkọ̀ lọ Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n Gálílì ò dùn. Kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, àwọn akọrin ń fi ọ̀fun lásán jà. Wọ́n dé mi ní àṣíborí páànù yín, ó ń bọ́ bò mí lójú. Obìnrin kan níwájú ń pariwo, "Ọmọ Bàbá Ulé rèé! Ó jọ ọ́ bí ìmumu!"

Mo dùbúlẹ̀, mo hanrun. Mo dá a dúró níbi tí ẹ máa ń dá a dúró, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá áńgẹ́lì fẹsẹ̀ ta mí. Gbogbo pápá gbà á: "Ulé dà? Ulé dà?" Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi. Mo wo ojú bọ̀dá yẹn. Ó ti ń rẹ́rìn-ín dè mí, irú ẹ̀rín tó rín lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì yín.

Ó rọra ní, "Sọ ọ́ jàre. Àbí o ti gbàgbé ni?"

N ò gbàgbé. Mo dìde, mo ní, "Ta ló yí òkúta yìí?" gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé eré.

Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn. Olùdarí pàápàá, tó ti ń bá ulé jà láti ọjọ́ tó ti pẹ́, dorí kodò. Obìnrin iwájú poṣé. Ó ní, "Kò mà jogún ẹ̀ rárá."

Kó rí bẹ́ẹ̀. Mo fi àṣíborí sílẹ̀ fún wọn, mo wọkọ̀ padà. N ò wọlé bá Màmá, ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà lọ. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́ fún yín, jẹ́jẹ́, bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n n ò mọ bí mo ṣe máa gbé yín lọ ulé, Bàbá. N ò mọ̀ ọ́n.

Èmi ni,
ọmọ yín tó gbọ́ ohun tí ẹ sọ.