Dẹ́ẹ̀kì Tí Kò Ṣeé Pín sí Méjì

Èmi, Ìjì Orí Tábìlì, Aláṣẹ Gbogbo Káàdì, ẹni tí ìyá rẹ̀ ń pè ní "ìwọ yìí ṣá" nígbàkúùgbà tí inú bá ń bí wọn, àkọ́bí nínú ọmọ méjì, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Ojú mi là kedere. Omi ẹ̀rọ nìkan ni mo mu láti àárọ̀. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi, àfi ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ lọ́la, ìyẹn sì ti fipá mú gbogbo ilé wa.

Kí ó yé gbogbo ayé pé mi ò kú, mi ò sì ṣàìsàn. Ìyá mi àti bàbá mi ti pinnu pé àwọn ò ní gbé pọ̀ mọ́. Èmi ń bá ìyá mi lọ sí ìlú mìíràn. Àbúrò mi ń dúró ti bàbá wa. Wọ́n pín àga, wọ́n pín fáànù, wọ́n wá pín àwa náà.

Mo fagi lé gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ sẹ́yìn, pàápàá èyí tí mo kọ nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, tí mo fi gbogbo káàdì mi jin ológbò.

1. Alámòójútó ìwé yìí ni oní-fọ́tókọ́pì ẹ̀gbẹ́ ilé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Adájọ́. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọn, láàárín ẹ̀rọ àti páálí bébà, ni tábìlì tí a ti ń ta káàdì ní gbogbo Sátidé wà, àwọn ló sì ń dá ẹjọ́ níbẹ̀. Bí ìwé òfin eré náà bá jóná lónìí, ẹ kàn ti Adájọ́ sínú ẹ̀rọ wọn, odindi ìwé náà yóò jáde, tòun ti àwòrán.

2. Fún ọmọ oníbúrẹ́dì, tí orúkọ rẹ̀ ní tábìlì ń jẹ́ Mi-Ò-Gbà, mo fi dáìsì mi méjèèjì sílẹ̀.

Ọmọ yìí kò tíì gbà rí pé wọ́n na òun. Ní Sátidé tí mo fi káàdì Adènà Ẹnubodè pa káàdì Ọba Iná rẹ̀, ó fò dìde, ó na ìka sí mi: "Adájọ́, ẹ yẹ apá aṣọ rẹ̀ wò! Ibẹ̀ ló kó káàdì sí!" Aṣọ tí kò lápá rárá ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. A jà, ariwo wa dé ojú títì, ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tó mọ eré ta bíi tirẹ̀ rí, àfi èmi. Mi-Ò-Gbà, májẹ̀mú kan wà lórí dáìsì yìí: o kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àbúrò mi borí rẹ nítorí àánú. Á mọ̀. Ó máa ń mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

3. Fún bàbá mi, wẹ́dà, mo fi àga mi sílẹ̀ ní tábìlì Adájọ́.

Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ní gbogbo Sátidé, ẹ bá mi mú àbúrò mi lọ, kí ẹ sì jókòó tì í. Ẹ ò ní láti mọ eré náà. Kí ẹ sáà má pe káàdì ní "bébà wẹ́rẹ́wẹ̀rẹ̀" lójú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àbúrò mi lè wà nínú ilé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí ẹ má gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé ìdí tábìlì yẹn, ta ló fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́? "Ṣé mo tún lè fa ọ̀kan? Ṣé ó ti dùbúlẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò tíì kú ni?" Láti ìgbà tí ẹ ti pè wá jókòó ní pálọ̀ tí ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà fún wa, àfi ọjọ́ kan tí a fẹ́ pín káàdì wa, kò fọwọ́ kan káàdì mọ́, agbára káká ló sì fi ń sọ̀rọ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ ìwé yìí nìyẹn. Tí kò bá padà sí tábìlì, mi ò mọ ibi tí ẹ ó ti máa gbọ́ ohùn rẹ̀.

4. Fún ìyá mi, télọ̀, mi ò fi nǹkan kan sílẹ̀, nítorí pé èmi fúnra mi ni wọ́n ń gbé lọ, ẹrù yẹn sì tó ẹrù.

Ìyá mi, àpò káàdì tí ẹ rán fún wa kò ní bá wa lọ. Ara ṣòkòtò iṣẹ́ bàbá mi tó ti ya ni ẹ ti gé e, ẹ sì ń kọrin bí ẹ ṣe ń wa ẹ̀rọ. Mo gbọ́ orin yẹn láti yàrá. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.

5. Dẹ́ẹ̀kì wa.

Dẹ́ẹ̀kì kan ṣoṣo, ìyẹn odindi ìdì káàdì tí a fi ń ta eré, ni èmi àti àbúrò mi ní. Àwa méjèèjì la kó o jọ, eré oníméjì la sì fi ń ta: ẹni méjì ní apá kan tábìlì, dẹ́ẹ̀kì kan, ẹ̀mí kan. Nígbà tí àwọn àgbà pín ilé tán, àwa náà jókòó sílẹ̀ ní yàrá, a ní kí a ṣe bí wọ́n ti ṣe. Ẹyọ kan fún ọ, ẹyọ kan fún mi. Kò sí ariwo, kò sí ìbínú. Tiwa dára ju tiwọn lọ. Ìgbà tí a pín in tán ni a tó rántí pé òfin ò gba dẹ́ẹ̀kì tó bá dín ní ogójì káàdì. Ìdajì tó wà lọ́wọ́ mi kò wúlò. Ìdajì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò wúlò.

A sáré lọ bá Adájọ́. Mo bi wọ́n bóyá ìdajì tó wà níhìn-ín àti ìdajì tó wà ní ìlú mìíràn lè jẹ́ dẹ́ẹ̀kì kan. Adájọ́, tí kì í ronú kí wọ́n tó dáhùn, yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un nù. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí. Káàdì tí kò bá sí lórí tábìlì, mi ò lè kà á." Àbúrò mi da tirẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì, ó sì jáde.

Nítorí náà, mo fi odindi dẹ́ẹ̀kì náà, ogójì pérépéré, fún àbúrò mi, tí a ń pè ní Dírágónì. Mi ò mú ẹyọ kan. Kódà Ẹkùn Òjò, tí mo máa ń fi sábẹ́ ìrọ̀rí, mo ti dá a padà.

6. Ìmọ̀ràn tó bá dẹ́ẹ̀kì náà rìn.

Dírágónì, gbọ́. Má yọ Orísun. Orísun ló ń fún àwọn káàdì yòókù ní agbára láti jáde. Mo mọ̀ ọ́: bí mo bá ti yíjú báyìí, wàá yọ Orísun mẹ́fà, wàá ki dírágónì mẹ́fà bọ̀ ọ́, wàá wá jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó gbé bàálù wá sí ibi tí kò sí epo. Mẹ́tàdínlógún ni kí Orísun jẹ́.

Tí àwọn káàdì tí o kọ́kọ́ fà bá burú, dá wọn padà kí o fa òmíràn. Káàdì ọwọ́ rẹ á fi ẹyọ kan dín. Fara mọ́ ọn.

O ti bi mí ní ìgbà ẹgbẹ̀rún bóyá Adènà tó jáde lọ jà lè sáré padà wá dènà fún ọ. Kò lè ṣe é. Tó bá ti jáde lọ, ó ti dùbúlẹ̀ nìyẹn, títí yóò fi tún kàn ọ́. Kì í ṣe pé kò fẹ́. Bí òfin ṣe wí ni.

7. Ìbéèrè tó kù.

Ní àárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń di okùn mọ́ mátírẹ́ẹ̀sì, àbúrò mi wá dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, nínú eré oníméjì, bí ẹnì kejì bá dìde lọ, ṣé wọ́n ti nà wá nìyẹn?"

Èmi tí mo lè fi ẹnu lásán gbé òkè kúrò nílẹ̀, mo ju okùn sílẹ̀, mo lọ bá Adájọ́. Wọ́n ṣí ìwé òfin, ohun tí wọn kì í ṣe. Wọ́n kà á: ẹni tó kù yóò máa ta nìṣó fún ẹni méjèèjì, ẹ̀mí kan náà ni wọ́n ní, a kì í pín in, a kì í dín in kù. Mo ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n tún un kà.

Nítorí náà, Dírágónì, ìdáhùn rẹ nìyí: rárá. Wọn ò tíì nà wá. Máa ta á nìṣó.

Mo fọwọ́ sí ìwé yìí lórí páálí bébà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Adájọ́, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ.

Ìjì Orí Tábìlì

Ẹlẹ́rìí kìíní: Adájọ́, oní-fọ́tókọ́pì.

Ẹlẹ́rìí kejì: Onídìrí tó wà ní òkè ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ata ló kó sí àwọn lójú.

Ọmọ oníbúrẹ́dì fẹ́ ṣe ẹlẹ́rìí kẹta. A sọ fún un pé ẹni tó ń jogún kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Kò gbà.

Àkíyèsí láti ọwọ́ alámòójútó: A gbé ìwé yìí fún àbúrò kí ó fọwọ́ sí i pé òun ti gba dẹ́ẹ̀kì. Ó kà á dé òpin. Ó gba dẹ́ẹ̀kì, ó dì í mọ́ àyà, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ sí i. Ó ní tí òun bá fọwọ́ sí i, á jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ń lọ lóòótọ́.