Òwú Àmínà

Ìyá mi, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Ilé ni mo ti ń ránṣọ báyìí, mi ò ní ìsọ̀ mọ́. Owó takisí ọjà Katako dúró sí mi lọ́wọ́.

Mọ́rìlíátù ọmọ-ọmọ yín fi èdè C kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi sínú fáìlì. Bó ṣe kọ ti Zàlìhà, ti Àmínà pòórá. Àmínà ti lọ sí ìlú Dosso, Sátidé sì ni ìgbéyàwó rẹ̀.

Mọ́rìlíátù ní, "Màmá, lẹ́tà 'w' ni mo fi ṣí fáìlì náà, ó nu ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́tà 'a' ló ń fi tuntun kún un."

Mo fa òwú tí mo ta kókó ìwọ̀n Àmínà sí yọ. "Tèmi kì í nu nǹkan kan."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wọn òwú náà, ó sì fi 'a' kọ ìwọ̀n Àmínà kún ti Zàlìhà. Lónìí ó ṣí fáìlì, ó ka ìwọ̀n àwọn méjèèjì ketekete. Ọmọ tí mo bí nìyẹn.

Ẹ bá mi kí ará ilé. Ẹ má sọ̀rọ̀ ìsọ̀ fún wọn.