Igi Kájú Tí Mo Fẹ́ Gé

Ẹ̀bá Ọjà,
Bantè.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Ẹrẹ́nà, 2023.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Moudachirou,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Savalou? Kafayath ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti mókun? Ìyá wa ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Ẹ kú ìmúra ààwẹ̀ o. Tiwa ti bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ebi sì ti ń kọ́ mi ní sùúrù tí mi ò bẹ̀ ẹ́ fún.

O ránṣẹ́ pé iye tí wọ́n ń ra kájú ti wálẹ̀ jù, pé o fẹ́ gé igi tìrẹ, kí n sọ ohun tí mo rò. Ìwọ náà mọ̀ pé èmi kọ́ ló yẹ kí èèyàn bi. Ọkàn mi kì í gbé ibì kan. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Òjò kan náà la fi gbin kájú wa, ìwọ nítorí pé iṣẹ́ aránṣọ kò ní owó ìfẹ̀yìntì, èmi nítorí pé iléèwé aládàáni tí mo ti ń kọ́ni ò ní fún mi ní nǹkan kan lọ́jọ́ tí mo bá dúró. A ní igi yìí ni yóò bọ́ wa lọ́jọ́ alẹ́. Ó ti wá ń so dáadáa, àfi bí ọjà rẹ̀ ṣe kú lọ́dún yìí. Láràárọ̀ ni mò ń lọ síbi òṣùwọ̀n àwọn oníkájú lẹ́bàá ọ̀nà, mà á béèrè iye, mà á fajú ro padà sílé. Ní Koko, àwọn kan ti ń fi tiwọn sun èédú, kí wọ́n lè gbin ẹ̀wà sọ́yà síbẹ̀. Ni èmi náà bá lọ bá Samsoudine tó ní ẹ̀rọ ìgégi, a fi iṣẹ́ sí Sátidé.

Mo sọ fún Béatrice ìyàwó mi. Kò bá mi jà rárá. Ó kàn ní, "Ó dáa, Bàbá Mirabelle."

Nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, ó gbé iṣu sísè àti epo wá. Mo jẹ ẹ́ tán, mo ní iṣu yìí mà dùn o, níbo ló ti rà á?

"Rírà kẹ̀? Èèbù tẹ́ ẹ kó pamọ́ fún oko Atokoligbé ni."

Mo fò dìde. Ebè ti wà ní kíkọ, òjò ti ń ṣú! Mo pariwo pé ta ló ń se èèbù jẹ?

Ó ń kó àwo lọ. Ó ní, "Ẹni tó ń fi kájú tó ń so sun èédú ni. Mo rò pé bá a ṣe ń ṣe nílé yìí báyìí nìyẹn. Ṣé kí n se ìyókù fún Samsoudine lọ́la?"

Mirabelle ọmọ wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo pe Samsoudine pé kó má wá mọ́. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ pè mí, ẹ̀yin lẹ tún lé mi. Bẹ́ ẹ bá tún yí padà, ẹ jẹ́ n gbọ́!"

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò fọ́nnu. Ọjà ò tíì gbérí, bóyá àwọn ará Koko ni yóò sì fi mí rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọ̀la. Ṣùgbọ́n a ti ro abẹ́ igi nítorí iná igbó, a sá kájú gbẹ, a ń ta ìwọ̀nba tá a fẹ́ ná. Béatrice ti ní kí n yé lọ síbi òṣùwọ̀n, pé ẹni tó ń fojoojúmọ́ wọn ọmọ á ní ọmọ òun ò dàgbà. Ẹsẹ̀ ṣì ń yún mi.

Bá mi kí Kafayath àti ìyá wa. Mi ò lè pàṣẹ fún ọ lórí igi rẹ. Kí o tó pe ẹlẹ́rọ, ṣáà wá bá wa ṣínu ní Bantè lọ́jọ́ kan. Béatrice ní òun ti ya èèbù kan sọ́tọ̀ fún ọ.

Èmi ni tìrẹ, oníyèméjì tó o mọ̀,
Eusèbe.