Owó Tí Wọ́n Fún Làsísì Nítorí Koríko

Abúlé Ìdí-Àfọ̀n,
Lẹ́yìn igbó ìjọba,
Oṣù kẹjọ, ọdún 2002.

Oyèbọ́lá ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì yín ní Ìkẹjà kò tíì gé ọ lọ́wọ́? Kò ní gé ọ lọ́wọ́ láéláé. Ọlọ́run tó jí ọ lónìí ní Agége kò ní gbàgbé láti jí ọ lọ́la, wàá lọ iṣẹ́ wàá bọ̀, ilẹ̀ Èkó kò ní gbé ọ mì. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní orúnkún òun ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ ti bímọ, akọ ni wọ́n. Pásítọ̀ wa tuntun ń wàásù títí ọbẹ̀ onílé á fi jóná lórí iná. Èmi náà wà láàyè, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé mo wà ní àlàáfíà, nítorí ohun tí ojú mi ń rí lọ́wọ́ Làsísì kì í ṣe kékeré.

O ṣáà mọ Làsísì, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí oko òun àti tèmi jọ wà létí igbó ìjọba. Bàbá mi ló fún bàbá rẹ̀ nílẹ̀ tó fi ń dáko, ìwọ náà ti gbọ́ ìtàn yẹn títí o fi sùn lọ. Ó dáa. Láti ìgbà tí àwọn ṣọ́jà ti gbé ìjọba fún alágbádá ni oríṣiríṣi èèyàn ti ń wọ abúlé wa, àwọn kan wá ṣèlérí iná, àwọn kan wá ṣèlérí omi. Lọ́dún tó kọjá ni àwọn kan tún dé tí wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, wọ́n pè wá jọ sí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ní igbó ìjọba tó wà lẹ́yìn wa yìí, àwọn ń dáàbò bò ó nítorí àwọn ọ̀bọ àti ẹyẹ inú rẹ̀, wọ́n ní àgbẹ̀ tó bá ń dáko létí rẹ̀ láìdáná sungbó, láìfín oògùn apakoríko, tí kì í gé igi ńlá, tó ń fi ìgbẹ́ ẹran ṣe ajílẹ̀, àwọn á fún un ní owó ìrànwọ́, owó tí kò ní dá padà. Ọmọ mi, ẹ̀rín pa mí. Mo ní nínú ara mi pé ta ni yóò sanwó fún èèyàn nítorí pé ó jẹ́ kí koríko hù. Mo dé fìlà mi, mo lọ sílé. Làsísì jókòó títí ìpàdé fi tú.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé Làsísì ti ránṣẹ́ sí Uswat ọmọ rẹ̀, èyí tó ń ta ẹran ní Oko Ọba ní Agége níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Uswat bá ń di ìgbẹ́ màlúù sínú àpò, ó ń fi ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń kó pákó lọ sí Èkó, nígbà tí ọkọ̀ náà bá ń padà bọ̀ lófìfo. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n já a sílẹ̀, mo dúró sójú ọ̀nà mo fi Làsísì ṣẹ̀sín, mo ní ọmọ ẹlòmíràn ń fi mílíìkì ránṣẹ́ láti Èkó, tìrẹ ń fi ìgbẹ́ ránṣẹ́. Ìwọ ọmọ mi ń fi bisikíìtì ránṣẹ́ ní tìrẹ, bisikíìtì náà sì dùn, èyí tó ti rún gan-an dùn, Ọlọ́run yóò bù kún ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn aláṣọ ewé padà wá, ṣé bisikíìtì ni wọ́n bèèrè? Ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò, wọ́n fi ọwọ́ bù ú, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀, wọ́n wá ń bọ Làsísì lọ́wọ́. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun ọ̀sán.

Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n gbé owó náà fún un níṣojú gbogbo wa. Oyèbọ́lá, ìwé sọ̀wédowó náà tó ilẹ̀kùn yàrá! N kò purọ́. Èèyàn méjì ló gbé e. Mo ti rí ìwé sọ̀wédowó rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ra kòkó, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, owó inú rẹ̀ sì ra ọkọ̀, mélòó wá ni èyí tó tó ilẹ̀kùn? Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, ó dì í mú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Títí di òní ó kàn án mọ́ ògiri pálọ̀ rẹ̀ ni, kò tíì gbé e lọ sí báǹkì, mo sì mọ ìdí rẹ̀, nítorí mo ti wo ojú fèrèsé tí akọ̀wé báǹkì ń gbà sanwó, kò sí bí ìwé yẹn ṣe lè gba ibẹ̀ kọjá. Ìyá rẹ ní àmọ́ Làsísì ti ra ẹ̀rọ tó ń lọ gbágùúdá, ó sì ti kan páànù tuntun. Mo ní owó ibòmíràn nìyẹn. Ta ni yóò ní irú ìwé yẹn lára ògiri tí yóò tún máa náwó kiri?

Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, Uswat tún ra fóònù fún un, èyí tuntun tó jáde yìí tí kò ní okùn. Kò sí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní abúlé wa àfi orí àpáta lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ibẹ̀ ni Làsísì ń gùn láràárọ̀ tó ń pariwo kí gbogbo wa lè gbọ́ pé ọmọ òun ń bá òun sọ̀rọ̀. Mo bá a gun ún lọ́jọ́ kan, mo gba fóònù náà, mo kí Uswat, mo bi í bóyá ó ń rí ọ ní Agége. Kò dá mi lóhùn. Làsísì ní òun ti pa á kí n tó gbà á. Irọ́ ni, kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kí mi ni.

Mo wá jókòó, mo ronú. Làsísì kò ṣe ju pé kó fi ẹ̀gbẹ́ kan oko rẹ̀ sílẹ̀ fún igbó, wọ́n sì fún un ní ìwé tó tó ilẹ̀kùn. Bí èmi bá wá fi gbogbo oko mi sílẹ̀ ńkọ́? O mọ oko yẹn, òun ni mo fi rán ọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama, iṣu inú rẹ̀ la ń jẹ láti ọdún dé ọdún, a kò ní òmíràn. Bí mo ṣe gbin iṣu tán, mo gbé ọkọ́ àti àdá sórí àjà. N kò ro ebè kan ṣoṣo. Koríko ga jù mí lọ, ìtàkùn gun gbogbo ọ̀pá iṣu, ìyá rẹ bú sẹ́kún, mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo tún rántí pé ọ̀gá àwọn aláṣọ ewé sọ pé ohun tó wu àwọn ni kí oko àti igbó gbá ara wọn mọ́ra bí ọmọ ìyá kan náà. Mo wò ó, mo rí i pé àwọn pèrègún tí bàbá bàbá mi gbìn sí ààlà oko wa àti igbó ìjọba ni kò jẹ́ kí wọ́n gbá ara wọn mọ́ra. Mo hú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro mí títí dòní, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣe tán, ìwọ gan-an, bí o bá dúró níbẹ̀, o kò ní mọ ibi tí igbó parí sí tí oko ti bẹ̀rẹ̀. Mo bojú wo ti Làsísì, pèrègún tirẹ̀ dúró gbagidi. Mo ní ìwọ ṣì ń ṣe kékeré.

Oṣù tó kọjá ni ọkọ̀ ìjọba kan dé. Àwọn tèmi kò wọ aláwọ̀ ewé o, káàkí ni wọ́n wọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé àwọn ọ̀gá pátápátá ni wọ́n rán sí mi. Wọ́n ní àwọn wá yẹ ààlà igbó ìjọba wò. Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ tán mo ti wọ agbádá tí mo fi gbé ìyá rẹ níyàwó. Wọ́n wo koríko, wọ́n wo ìtàkùn, ọ̀bọ kan tilẹ̀ fò kọjá, inú mi dùn bíi pé èmi ni mo rán an níṣẹ́. Wọ́n bi mí pé ta ló ni ibí yìí. Oyèbọ́lá, nígbà tí wọ́n bi Làsísì ní irú ìbéèrè yẹn lọ́dún tó kọjá, ó ní òun kàn ń bá àwọn ọmọ tí a kò tíì bí tọ́jú rẹ̀ ni, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ẹlẹ́nu dídùn. Èmi náà ká apá agbádá mi sí èjìká, mo ní láti ibi tí ẹ dúró sí yìí títí dé etí odò, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ti ìjọba ni, láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Wọ́n tún bi mí. Mo tún sọ ọ́, ó tilẹ̀ le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní irú àgbà olóòótọ́ báyìí ṣọ̀wọ́n, wọ́n ya fọ́tò mi. Mo bojú wẹ̀yìn bóyá Làsísì ń wò mí. Ó ń wò mí. Ó káwọ́ lérí.

Kò pẹ́ ni wọ́n padà wá ri pátákó ńlá mọ́ ẹnu ọ̀nà oko mi, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sí i, wọ́n ya agbárí òkú sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Pátákó tí àwọn aláṣọ ewé rì sí oko Làsísì kò tó ìdajì rẹ̀, kò sì ní àwòrán. Tíṣà Olútóyìn tó ń kọ́ àwọn ọmọ abúlé wa kà á, ó figbe ta, ó ní kí n yára lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Àkúrẹ́ kí n lọ sọ fún wọn pé mo ṣàṣìṣe. Òun náà ń jowú. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Làsísì wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó ní òun á bá mi lọ, òun á jẹ́rìí pé ilẹ̀ bàbá mi ni, òun á sanwó ọkọ̀. Ṣé o rí ìlara bí? Ẹni tó ní sọ̀wédowó tó tó ilẹ̀kùn, kò fẹ́ kí n ní pátákó lásán. Mo ní kó máa lọ sílé rẹ̀.

Wọ́n tún fi ẹ̀ṣọ́ igbó kan tó ń jẹ́ Jimoh síbẹ̀, ó gbé ìbọn, òun ló ń bá mi ṣọ́ oko. Làsísì kò ní ẹ̀ṣọ́, ẹni tó bá wù ló ń wọ oko tirẹ̀. Jimoh yìí mọ iṣẹ́ débi pé nígbà tí mo fẹ́ wọlé lọ wa iṣu tuntun, ó ní n kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé èmi ni mo loko. Ó ní ohun tí wọ́n sọ fún òun ni pé èmi fúnra mi ni mo fẹnu ara mi sọ pé kì í ṣe tèmi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ kí èmi wọlé, olè wo ni yóò rí ibẹ̀ wọ̀? Sọ̀wédowó mi nìkan ni mo ń dúró dè báyìí.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ nìyí. Jọ̀wọ́ fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí wa, nítorí iṣu wa wà nínú oko, Jimoh sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Má fi bisikíìtì ránṣẹ́ mọ́. Lọ sí Oko Ọba, kí o bá mi di ìgbẹ́ màlúù tó pọ̀ ju ti Uswat lọ, má sì jẹ́ kó mọ̀, màá bẹ Jimoh kó jẹ́ kí n máa dà á sínú oko láti ìta. Wọ́n sì ní Ìkẹjà tí o ti ń ṣiṣẹ́ náà ni ìjọba ń jókòó, bí ẹ bá ti jáde lẹ́nu iṣẹ́, yà lọ sí Aláúsá, kí o bá mi kí wọn kú iṣẹ́, kí o bi wọ́n ìgbà tí wọ́n máa gbé ìwé tèmi wá. Kí wọ́n jẹ́ kó tóbi ju ti Làsísì lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí ojú fèrèsé báǹkì.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí n kò fẹ́ sọ. Làsísì wa iṣu tuntun lọ́sẹ̀ yìí, ó kó díẹ̀ wá, ó tò ó síwájú ilé wa, ó lọ. Mo ní kí ìyá rẹ kó o padà fún un. Ìyá rẹ wò mí, ó kó o wọ ilé ìdáná. Oyèbọ́lá, iṣu ìgbẹ́ màlúù ni o. Mo jẹ ẹ́. Ó funfun, ó rọ̀, ó dùn ju gbogbo iṣu tí èmi ti gbìn láyé mi lọ, mo jẹ ẹ́ tán, omijé ń bọ́ lójú mi, ìyá rẹ rò pé ata ni.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o jẹ irú iṣu bẹ́ẹ̀. Níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá ti ń gba nǹkan, wọn kò ní fò ọ́ dá. Wàá níláárí ju Uswat lọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akínfẹ́nwá,
ẹni tí ìjọba ń bá ṣọ́ oko.